Bọ́ọ̀lù Snooker, Quantum àti Ìṣèlú Àgbáyé

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì, ṣé ẹ rántí àwọn bọ́ọ̀lù snooker tí mo máa ń yà sójú bọ́ọ̀dù? Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù kan: ó le, ó dá dúró, a kì í wo inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọlu èkejì, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó lè sọ ibi tí wọn yóò yí sí. Físíìsì Newton ni mò ń kọ́ yín, mi ò kàn pè é lórúkọ ni.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bá àwòrán yẹn jà. Àwọn ọ̀dọ́ inú yín á dárúkọ Alexander Wendt àti ìwé rẹ̀ ti 2015, Quantum Mind and Social Science. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1927, ọdún tí Heisenberg fi hàn pé bí a bá ṣe mọ ibi tí ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù wà tó ni a ò ṣe ní mọ bó ṣe ń rìn, William Bennett Munro, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú ní Amẹ́ríkà, ti dìde sọ fún wọn pé èrò ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ṣì ń lò. Ó ní átọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kò ṣeé là ti là, síbẹ̀ wọ́n ń ka aráàlú sí ẹyọ kan náà tí kò yàtọ̀ síra. (Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn jìnnà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó yẹ kó dìbò.)

Àfiwé ni ti Munro. Wendt ní tòun kì í ṣe àfiwé: ó ṣeé ṣe kí ọkàn ọmọ ènìyàn gan-an máa ṣiṣẹ́ nílànà quantum. Kí n sọ òótọ́, èmi ò tíì gbà. Ọpọlọ gbóná, omi ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onífísíìsì ní irú nǹkan ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó mú mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe onímọ̀ ìṣèlú rárá. Niels Bohr ni, ará Denmark. Ó ní àlàyé méjì tó ta kora lè jẹ́ òótọ́ nípa ohun kan náà, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń hùwà bí ìgbì omi, tó tún ń hùwà bí hóró. A nílò méjèèjì. Ojú yẹn náà ló fi wo bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ohun tó lè pa ayé run ló tún lè mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣílẹ̀kùn fún ara wọn. Ní oṣù Karùn-ún 1944, ó lọ bá Churchill ní London. Ìmọ̀ràn tó gbé lọ ni pé kí wọ́n sọ fún Rọ́ṣíà kí wọ́n tó lò ó. Churchill ò fetí sí i. Lójú tirẹ̀, ẹrù ni àṣírí: bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, ó wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, òun àti Roosevelt ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n wádìí Bohr, kó má baà tú ọ̀rọ̀ fún àwọn ará Rọ́ṣíà.

Ní oṣù Kẹjọ 1949, Rọ́ṣíà yin tiwọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà 1950, Bohr kọ lẹ́tà gbangba sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ayé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọjọ́ 16 lẹ́yìn náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Korea.