Nígbà Tí Ara Kò Bá Gba Agbára Iná Mànàmáná: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń bi wá, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n ní ẹnì kan wà nínú ìjọ àwọn tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́, tí ara ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á, tí kò sì rí oorun sùn. Ó dá ẹni náà lójú pé fóònù, tẹlifísọ̀n, Wi-Fi tàbí òpó máàsì tí ó wà nítòsí ilé òun ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ń mú un lọ sí orí òkè fún ìdáǹdè. Àwọn kan sì ń gbà á níyànjú pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó kó kúrò nílé. Àwa kò rí èyí tí ó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyí tí a fi kó ohun tí ó dájú nípa ọ̀rọ̀ náà jọ síhìn-ín.

Irú àìsàn wo ni èyí?

Agbára kan tí ojú kò lè rí máa ń wà ní àyíká ohun gbogbo tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, ìbáà ṣe wáyà ilé, fíríìjì tàbí fáànù. Fóònù àti òpó máàsì a sì máa rán ìgbì rédíò jáde. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá jẹ́ ẹ̀yà kan nínú irú agbára yìí. Ìgbì rédíò kò ní ipá tí ìtànṣán X-ray ní. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ó lè ṣe fún ara, bí ó bá pọ̀ jù, ni kí ó mú un gbóná. Ìwọ̀n tí a sì gbà láàyè fún ará ìlú kéré púpọ̀ sí èyí tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ní ara àwọn kò gba agbára yìí rárá, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ara wọn a máa yún, ojú wọn a máa pọ́n, ó a máa rẹ̀ wọ́n, òòyì a máa kọ́ wọn, àyà wọn a sì máa lù kìkì. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ìwé náà sọ ohun méjì, kò sì yẹ kí a gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé ìrora náà jẹ́ òtítọ́, ó sì lè pọ̀ dé ibi tí ẹni náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Èkejì ni pé kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó so ìrora náà pọ̀ mọ́ agbára iná. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, ní ìlú Prague, àwọn onímọ̀ ti dábàá pé kí a fún àìsàn náà ní orúkọ tuntun, èyí tí ó túmọ̀ sí àìsàn tí a kò mọ orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ń ṣe gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka agbára iná lórí.

Àwọn ilẹ̀ àríwá Yúróòpù ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń wọ inú àwọn ọ́fíìsì, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ráhùn pé awọ ojú àwọn ń jó àwọn. Ní Sweden, wọn kò kà á sí àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí àìlera tí ó yẹ kí àwùjọ fi ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ mú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé aláìmọ̀wé nìkan ni ó ń ṣe. Gro Harlem Brundtland, oníṣègùn tí ó ti ṣe olórí ìjọba Norway, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1998 sí 2003, sọ ní gbangba ní 2002 pé fóònù alágbèéká ń fọ́ òun lórí, òun kò sì fẹ́ kí a mú un wọ ọ́fíìsì òun.

Bí a ṣe dán ọ̀rọ̀ náà wò

Bí ẹnì kan bá ní òun máa ń mọ̀ ọ́n lára bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí òun, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. A ó gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀ tí kò ní mọ ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú kò ní mọ̀, kí ojú tàbí ohùn rẹ̀ má baà tú àṣírí. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo àkọsílẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe irú rẹ̀ ní 2006, pẹ̀lú 60 ènìyàn tí wọ́n ní ara àwọn kò gba fóònù àti 60 mìíràn tí kò ní ìṣòro náà. Nígbà tí ìgbì fóònù ń jáde ní tòótọ́, 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ara wọn kò gbà á ni ó sọ pé ó ń jáde. Nígbà tí ohunkóhun kò jáde, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Orí sì fọ́ wọn ní ìgbà méjèèjì. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan náà kó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ 46 jọ, èyí tí 1,175 ènìyàn kópa nínú rẹ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà lè mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ èyí tí wọ́n á ní, “Irọ́ ni wọ́n ń pa nìyẹn.” Rárá o. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé ìdun wà lára àga tí a jókòó lé, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún wa, yálà ìdun wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Yíyún náà kì í ṣe irọ́, a ó sì họ ara títí yóò fi bó. Ìfòyà máa ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n fi fíìmù tẹlifísọ̀n kan tí ó sọ pé Wi-Fi léwu han àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi fíìmù mìíràn han àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún gbogbo wọn pé a ó tan Wi-Fi sí wọn fún ìṣẹ́jú 15. Wọn kò tan nǹkan kan. Síbẹ̀ ó ju ìdajì lọ nínú wọn tí ó sọ pé òun rí àmì àìsàn lára. Àwọn tí àníyàn ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì wo fíìmù ẹlẹ́rù náà, ni ó mú jù. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìròyìn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dúró lórí pẹpẹ, ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè nípa jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí. Ní 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń rí sí i fi ìgbì rédíò sí ìpele ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ, nítorí pé ẹ̀rí tí ó wà kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà sí apá kankan.

Àwọn tí ó sá lọ

Ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ìletò kan wà tí ń jẹ́ Green Bank. Ilé ìwòràwọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó ń fetí sí ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe yan agbègbè kan tí ó tó 13,000 máìlì níbùú lóròó ní 1958, níbi tí wọ́n ti fi òfin dín ìgbì rédíò kù. Àwọn tí ara wọn kò gba agbára iná bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀. Ara tu àwọn kan nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkọ tàbí aya, ọmọ, iṣẹ́ àti ilé Ọlọ́run tí wọ́n ti ń sìn sílẹ̀ lẹ́yìn. Iye tí ìtura náà ná wọn nìyẹn.

Nílé níhìn-ín ńkọ́?

Láti 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn ti ń kọminú nípa òpó máàsì. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, a rántí bí fóònù ọ́fíìsì wa kò ṣe sinmi, nítorí àwọn kan ti sọ láti orí pẹpẹ pé 5G ni ó ń pa ènìyàn. Ní Bìrìtéènì, wọ́n dáná sun àwọn òpó. Ní Nàìjíríà, ìdánwò ráńpẹ́ ni wọ́n tíì ṣe nígbà náà, ní 2019. Ọdún 2022 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún ará ìlú. Àwọn tí orí wọn ń fọ́ nítorí rẹ̀ ní 2020 ń jìyà, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí ní àdúgbò wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé ẹni tí ó bá ti tẹjú mọ́ òpó máàsì kì í sábà wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀: àmì èéfín jẹnẹrétọ̀ gan-an nìyẹn. Carbon monoxide tí ó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ilé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ara sì tù wọ́n bí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ náà, kí gbogbo wọn bọ́ síta, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó mítà 6. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa lápálápá.

Òpó máàsì pàápàá sábà máa ń ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Bí èéfín àti ariwo rẹ̀ bá ń yọ àdúgbò lẹ́nu, ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, a sì lè gbé e tọ NESREA lọ, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká tí a dá sílẹ̀ ní 2007. Ní ti ìgbì rédíò, bí òpó bá ṣe jìnnà tó ni fóònù ọwọ́ wa yóò ṣe tiraka tó láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ìgbì tí ó ń jáde létí wa yóò sì pọ̀ sí i. Àwọn tí ó fẹ́ wó òpó kò mọ èyí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, gílóòbù tí ń ṣẹ́jú, jíjókòó lọ́nà tí kò tọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, àìsùn tó àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pẹ̀lú lè fa irú àmì wọ̀nyí. Dókítà ni yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lè ṣe

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri ni wọ́n ṣìnà. Kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹni náà dópin. Kí a gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí Pọ́ọ̀lù náà kò fi ọ̀rọ̀ inú tí ń yọ Tímótì lẹ́nu sí àdúrà nìkan. Bí dókítà kò bá rí àrùn mìíràn, ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ dára jù, bí ẹ̀rí náà kò tilẹ̀ tíì pọ̀, ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá máa ń ṣe, tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ìfòyà, kí ó sì padà sí ohun tí ó ti ń sá fún. Sísá fún gbogbo nǹkan a máa sọ ayé ẹni di kékeré sí i.

Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ẹ̀gbà ọrùn àti ohun ìlẹ̀mọ́ra tí wọ́n ní ó ń lé ìgbì sẹ́yìn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ ìjọba Netherlands tí ó ń rí sí ààbò lórí ìtànṣán olóró kéde pé àwọn yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò, mẹ́wàá nínú wọn sì ń tú ìtànṣán olóró gan-an jáde, irú èyí tí ó lè ba ara jẹ́ bí a bá wọ̀ ọ́ pẹ́.

Nínú ilé ìjọsìn, kò ná wa ní nǹkan kan láti fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìjókòó tí ó jìnnà sí gbohùngbohùn. Bí a bá sì dín ariwo rẹ̀ kù, àwọn àgbàlagbà yòókù yóò dúpẹ́. Bí a bá lọ kí i nílé tí ó bẹ̀ wá pé kí a pa fóònù, kí a pa á, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Àpọ́nlé ni, kì í ṣe ìtọ́jú. Bí ó bá wá bi wá bóyá àwa náà gbà pé fóònù ni ó ń ṣe òun, kí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé a gbà pé ó ń dùn ún, a kò gbà pé fóònù ni, a ó sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.