Ọ̀dà Ìdí Ọkọ̀ àti Ẹja Inú Ọ̀sà

Ajé ló gúnlẹ̀ la fi ń pè é ní Ajégúnlẹ̀. Ní 1926 ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ ojú omi mẹ́rin àkọ́kọ́ sí Àpápá, èbúté Tin Can Island sì tẹ̀ lé e ní 1977. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajé nìkan ni ọkọ̀ ń gbé wá.

Láti bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà tó ní oró tributyltin kun ìdí ọkọ̀ òkun, kí ohun abẹ̀mí inú omi má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Oró náà ń yọ́ sómi díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rì sínú ẹrẹ̀. Aràn inú ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́, ẹja á jẹ aràn, ènìyàn á jẹ ẹja. Ní etíkun Yúróòpù, abo ìgbín òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hu ẹ̀yà ara akọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè yé ẹyin mọ́. Ní 1982, ilẹ̀ Faransé fòfin dè é fún ọkọ̀ kéékèèké. Àdéhùn àgbáyé tó dè é wáyé ní 2001, ó sì di òfin ní 2008.

Bí òfin tilẹ̀ ti dé, ohun tó ti rì sínú ẹrẹ̀ kì í tètè kúrò. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìsàlẹ̀ èbúté kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, ó lè rú sókè. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹrẹ̀ Àpápá wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn apẹja àti ìyá ẹlẹ́ja Ajégúnlẹ̀ ní èdè tó yé wọn.