Àyẹ̀wò ìlera ọpọlọ fún akẹ́kọ̀ọ́: ohun tó yẹ kí òbí bi ilé ẹ̀kọ́

Àyẹ̀wò ìlera ọpọlọ nílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ìwé ìbéèrè ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní SDQ, tí Robert Goodman gbé jáde ní 1997, ní gbólóhùn 25: bóyá ẹ̀rù máa ń ba ọmọ, bóyá ó lọ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 11 sí 17 lè dá a kọ. Òbí àti olùkọ́ náà ní tiwọn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àìsàn ọpọlọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọdún 14.

Máàkì tó ga kò sọ pé orí ọmọ ti dàrú o. Kí dókítà rí i ló ń sọ. Fún ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, EKSUTH wà ní Adó-Èkìtì.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè: ta ni yóò ka ìdáhùn? Ta ni yóò mú ọmọ dé ilé ìwòsàn? Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá di ti asẹ́ńbílì, kò ní sọ òótọ́ mọ́.

Ọmọ tó bá sì ní ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ di ọ̀la.