Ìbò ní Otokiti àti Lọ́kọ́ja: ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀

Ẹni tó bá ń gbé Otokiti ní Lọ́kọ́ja, tó fẹ́ mọ bí ìbò ṣe ń lọ ní ìpínlẹ̀ Kogí, kó má kọ́kọ́ bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tó lágbára. Kó bèèrè ibi tí olùdíje ti wá. Ìyẹn ló ń darí ìbò gómìnà níbẹ̀, àwa tá a wá láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Kwárà àti ibòmíì sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tá a dúró sí.

Bí ìpínlẹ̀ náà ṣe pín

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Kogí jáde lára Kwárà àti Bẹ́núé. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló ní. Ẹkùn Ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn Ígálà ti pọ̀ jù, ní 9. Ẹkùn Àárín, níbi tí àwọn Ebira ti pọ̀ jù, ní 5. Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ní 7, ibẹ̀ ni Lọ́kọ́ja wà. Márùn-ún nínú 7 yìí jẹ́ ti àwọn Okun, tí Yorùbá ni wọ́n bíi tiwa: Kàbà/Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà méjèèjì àti Mopa/Muro.

Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀ ò jẹ́ ti ẹ̀yà kan. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń sọ Yorùbá wà níbẹ̀, Tápà wà, Hausa wà, Kakanda àti Kupa náà wà. Wọ́ọ̀dù 10 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja: Lokoja A títí dé E, Ọ̀wọ́rọ̀, Kakanda, Eggan àti Kupa méjì.

Ibi tí ìbò máa ń tẹ̀ sí

Láti 1999, Ígálà ni gómìnà mẹ́ta tí aráàlú kọ́kọ́ dìbò yàn: Abubakar Audu, Ibrahim Idris àti Idris Wada. Láti 2016, ó bọ́ sọ́wọ́ Ebira: Yahaya Bello, lẹ́yìn náà Usman Ododo. Okun ò tíì wọlé ìbò gómìnà rí. Clarence Olafemi, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kàn di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀ ní 2008 lẹ́yìn tí kóòtù fagi lé ìbò Idris ni.

Ẹ wo ìbò ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ododo ti APC ní 446,237. Murtala Ajaka ti SDP, ọmọ Ígálà, ní 259,052. Dino Melaye ti PDP, ọmọ Okun, ní 46,362. Okene nìkan fún Ododo ní 138,416, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìbò rẹ̀. Ajaka lọ sí kóòtù, àmọ́ kóòtù tó ga jù lọ fìdí ìbò náà múlẹ̀ ní 2024.

Ẹ tún wo Musa Wada, ọmọ Ígálà tó gbé àsíá PDP ní 2019. Ó ní 189,704. Lọ́dún 2023, SDP ni ọ̀pọ̀ Ígálà tẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ yí padà, ibi tí olùdíje ti wá ò yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe. Òfin sọ pé yàtọ̀ sí kí gómìnà ní ìbò tó pọ̀ jù, ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ó kéré tán ìjọba ìbílẹ̀ 14 nínú 21. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ìbò dé Lọ́kọ́ja.

Káàdì wa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì fi káàdì ìdìbò sílé. Káàdì Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ ìbò. Ìbò gómìnà Kogí kì í sì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ilé. Ẹni tó bá lóun fẹ́ lọ dìbò nílé kò ní ohùn kankan lórí gómìnà tó ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lórí ọ̀nà ọjà tó ń gbà lójoojúmọ́.

Òfin ò ní kẹ́ ẹ mú ìwé ọmọ onílùú wá. Òfin Ìdìbò ní kẹ́ni náà ti pé ọdún 18, kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó máa gbé tàbí kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ti tó.

Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì o, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ ní kí INEC gbé orúkọ yín wá láti ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ó kéré tán 90 ọjọ́ ṣáájú ìbò ni wọ́n ti máa ń béèrè tẹ́lẹ̀. Sáà Ododo parí ní oṣù kìíní ọdún 2028, ìbò gómìnà gbọ́dọ̀ ti wáyé kó tó dìgbà yẹn.

Ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì Lọ́kọ́ja. Iye yẹn ni olùdíje máa bèèrè tó bá wá sí ìpàdé wa.