Èso Igi Tó Bọ́ Ìlú Orí Òkè

Ilé olódi ìdílé Orsini ni gbogbo àlejò ń wò ní Soriano nel Cimino, ìlú kékeré orí òkè kan ní àríwá Róòmù. Giovanni Gaetano Orsini, tó jẹ póòpù lórúkọ Nicholas Kẹta láti 1277 sí 1280, ló gba ìlú náà lọ́wọ́ ìdílé Guastapane tí wọ́n fẹ̀sùn àdámọ̀ kàn, tó sì kọ́ ilé ńlá náà. Soriano yìí náà ló kú sí lóṣù Ògọ́sítì 1280. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ilé póòpù wọn ìtàn ìlú yìí ti gbójú fo àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú tèmi, castagna, èso igi inú èèpo ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń fi ṣọdún níbẹ̀ lóṣù Ọ̀tóbà, ni ẹ̀rí tó dájú jù nípa bí àwọn ará Soriano ṣe gbé ayé.

Ohun tó gbé èèyàn gun òkè ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ni ìbẹ̀rù ogun: àwọn Húngárì bẹ̀rẹ̀ sí í kó Ítálì lẹ́rù ní 899, àwọn Sárásénì sì tẹ̀dó sẹ́bàá odò Garigliano títí wọ́n fi lé wọn kúrò ní 915. Pierre Toubert, òpìtàn ọmọ Faransé, kò gbà pé ìyẹn nìkan tó. Nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1973 lórí gúúsù Lazio àti agbègbè Sabina, tí kò jìnnà sí Soriano, ó yẹ àwọn ìwé àdéhùn ilẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé láti ọ̀rúndún kẹwàá ni àwọn onílẹ̀ ti ń kó àgbẹ̀ jọ sínú ìlú olódi, kí wọ́n lè tún oko pín, kí èrè ilẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ogun lè lé èèyàn sórí òkè, àmọ́ kò lè mú un dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún bí kò bá róúnjẹ jẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í gba àlìkámà dáadáa, ṣùgbọ́n igi castagna fẹ́ràn ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín bíi ti Cimino tí Soriano wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láwọn òkè Ítálì, wọ́n máa ń tẹ́ èso náà sórí àjà, wọ́n á dáná wẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí á fi gbẹ, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á sì rò ó lórí iná. Wọ́n tún ń fi ṣe castagnaccio, àkàrà pẹlẹbẹ tí kì í wú, nítorí ìyẹ̀fun castagna kò ní ohun tó ń mú búrẹ́dì àlìkámà wú. Láyé àtijọ́, oúnjẹ yìí ni ẹbí ń jẹ títí òtútù fi ń lọ. Abájọ tí wọ́n fi ń pe igi castagna ní igi búrẹ́dì.

Àwọn kan á sọ pé ọdún castagna náà kì í ṣe ti àtayébáyé, pé 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí àdúgbò mẹ́rin, Papacqua, Rocca, San Giorgio àti Trinità, ṣe ń figagbága nínú aṣọ ayé àtijọ́, eré fún arìnrìn-àjò ni lójú wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbà pé aṣọ ìjòyè ló ń tàn jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ ló ni oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Àrùn tó ń jẹ èèpo igi castagna ti yọjú lẹ́bàá Genoa ní 1938. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wáṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìlú ńlá, ìyẹ̀fun castagna sì ń kúrò lórí tábìlì. Ìgbà tí èèyàn kò jẹ nǹkan nípá mọ́ ló tó lè yàn láti fi ṣọdún. Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ òṣì ni, kí ló wà níbẹ̀ láti yọ̀ sí? Ọgbọ́n là ń yẹ́ sí, kì í ṣe ebi: ọgbọ́n àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú èso tó ń tètè bàjẹ́, tí wọ́n sì fi la ìgbà òtútù já.

Iṣẹ́ títọ́jú igi castagna kò tíì kú. Kòkòrò kan láti Ṣáínà tó ń ba ìrudi igi yìí jẹ́ wọ Piedmont ní 2002, ó sì tàn káàkiri Ítálì. Làálàá kékeré kọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ṣe kí igi tó tún so. Ẹni tó bá lọ sí Soriano lóṣù Ọ̀tóbà, kó ra castagna àti ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú igi náà, kó sì béèrè oko tó ti wá.