Okùn Ẹnubodè Kì í Dá Ọyẹ́ Dúró

Ẹni tó bá ti wà ní Ìdí-Ìrókò rí nígbà ọyẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Ètè á bẹ́, eruku á bo páànù ilé, á bo mọ́tò tó tò sẹ́nubodè. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè ní kí ọkọ̀ dúró kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ta ló máa béèrè ìwé lọ́wọ́ eruku? Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Bó ṣe ń balẹ̀ sí Ìdí-Ìrókò náà ló ń balẹ̀ sí Igolo lódì kejì.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú Sàhárà ti Àlùjíríà. Ibẹ̀ sí Ìdí-Ìrókò lé ní 2,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọyẹ́ ni. Ìbẹ̀rù tó bá àwọn èèyàn Nàìjíríà nígbà náà ni pé eruku olóró yóò bá ọyẹ́ wọlé. Kí la fẹ́ fi bo ara?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1899, Ernest Rutherford gbé àbájáde iṣẹ́ tó ṣe ní Cambridge jáde. Ó fi abala aluminiọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo uranium, ó ń tò wọ́n lé ara wọn. Ó rí i pé abala díẹ̀ ti dá apá kan ìtànṣán náà dúró, àmọ́ apá kejì ṣì ń là á kọjá. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé irú méjì ló wà níbẹ̀. Ó pe ti àkọ́kọ́ ní alpha, ó pe èkejì ní beta. Ní 1900, Paul Villard rí ẹ̀kẹta ní Paris, èyí tó tilẹ̀ la abala òjé kọjá. Òun là ń pè ní gamma lónìí.

Ṣé ẹ rí i, ohun tó ń dá wọn dúró la fi dá wọn mọ̀. Alpha wúwo, kì í rìn jìnnà. Ìwé kan ṣoṣo tàbí awọ ara wa ti tó fún un. Beta ń fẹ́ aluminiọ́mù tó nípọn ní mìlímítà mélòó kan. Gamma ní tirẹ̀, nǹkan tó wúwo ló ń fẹ́, kò sì ní tán pátápátá. Ṣe ló kàn ń dín kù. Sẹ̀ǹtímítà 1 òjé, 6 kọnkéré, tàbí 9 erùpẹ̀ tí a tẹ̀ dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á dín gamma eruku bọ́ǹbù kù sí nǹkan bí ìdajì. Ògiri amọ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 27 á gé e sí ìdajì lẹ́ẹ̀mẹta, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa wọlé. Ilé amọ̀ àwọn baba wa kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ìtànṣán tó wà níta nìyẹn. Bí eruku bá bà sórí láfún tí a sá, tàbí sínú omi tí a ò dé, a ti gbé e mì. Alpha tí ìwé lè dá dúró níta, kò sí ìwé nínú ọ̀fun. Strontium-90 jọ kálísíọ́mù lójú ara, inú egungun ló ń lọ jókòó sí, nǹkan bí ọdún 29 ló sì ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ọmọrí ìkòkò wúlò níbẹ̀ ju òjé lọ. Òótọ́ ni pé eruku ń fọ́n ká bó ṣe ń jìnnà, ìwọ̀nba ló máa kù tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ ẹni tí kò yin bọ́ǹbù, kí ló dé tó fi máa jẹ ìwọ̀nba?

Nígbà tí Faransé yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀pẹ̀ 1960, Nàìjíríà ti gba òmìnira. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1961, ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé lọ, ó sì fòfin de ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfurufú wọn. Ó dun àwọn ará Nìjẹ̀ àti Dàhómì tó jẹ́ aládùúgbò wa, tí wọn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Faransé sì tún yin ẹ̀kẹrin ní oṣù Igbe. Nígbà tó di 1964, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Láti òpin 1961, Faransé gbé ìdánwò náà wọ inú òkè olókùúta ní In Ekker. Odidi òkè kẹ̀! Ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹ̀bìbì 1962, òkè náà jò. Ìkúùkù olóró gba ihò tí wọ́n gbẹ́ jáde, ó sì bà lé àwọn tó wá wòran, títí kan mínísítà méjì, Pierre Messmer àti Gaston Palewski.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ sí wọn lára. Àmọ́ àwọn darandaran tó ń gbé nítòsí òkè yẹn ò da eérú kankan, àwa tó wà lójú ọ̀nà ọyẹ́ náà ò dà á. Ìwé ní tirẹ̀, òjé ní tirẹ̀, amọ̀ ní tirẹ̀. Eérú tí a ti dà sáfẹ́fẹ́ ni kò ní nǹkan kan, àfi kí a má dà á.