Kọ́ńtáàtì: ìtàn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ti gbọ́ pé mò ń tú ẹ́ńjìnnì Honda C70 kan palẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Àgọ́-Àrẹ. Òótọ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ èdè náà ni mò ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ náà: a-, lù, pùpù. Etí ló sọ ọ́ lórúkọ, torí ẹ́ńjìnnì tó ní písítìnì kan ṣoṣo kì í hó bíi ti mọ́tò. Ní 1958 ni Honda kọ́kọ́ gbé Super Cub, ìyá C70, jáde ní Japan. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ọ̀tà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni "ọ̀kadà" dé, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí aráàlú yá lọ́wọ́ Okada Air, ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983.

Inú ẹ́ńjìnnì ni ìtàn tó kù wà. 72 cc péré ni ti C70, kò tó ìdajì ife omi, síbẹ̀ irú rẹ̀ ló ń ru iṣu láti oko wá sọ́jà. Iná rẹ̀ ti ara kọ́ńtáàtì wá: irin kéékèèké méjì tó ń fẹnu kanra, tó sì ń ya. Bí wọ́n bá ṣe ń ya ni kọ́ìlì ń ju iná sí púlọ́ọ̀gì. Àlàfo wọn kò gbọdọ̀ ju 0.3 sí 0.4 mm lọ. Bí ọ́ìlì bá ta sí i, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá jóná, mẹ́káníìkì á fi sándípépà nù ún, á ní, "Kọ́ńtáàtì ti jẹ." Púlọ́ọ̀gì ń kú, ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì, ó ń wúkọ́. Àbí ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a fi ń sọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ irin. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ wọn.

Lóde òní, CDI ti gba iṣẹ́ kọ́ńtáàtì. Ọmọ tó ń bá mi di bóòtù lè tú Boxer palẹ̀ kí omi tó hó, ṣùgbọ́n ó bi mí pé, "Bàbá, kí ló ń jẹ́ kọ́ńtáàtì?" Ẹnu làwọn ọ̀gá fi kọ́ ọmọṣẹ́ ní Ṣakí àti Tede, wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Tí irin bá lọ, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Tí ọ̀rọ̀ bá sì lọ, ta ni yóò tún irin tó kù ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe mẹ́káníìkì rí, ẹ bi í ní orúkọ irin kọ̀ọ̀kan àti àìsàn rẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.